Ojú Alága Kì í Sùn

Ọlágúnjú fi ọgbọ̀n ọdún ṣe wolé-wolé kó tó fẹ̀yìntì, kò sì sí ìkòkò omi kan ní Òkè-Àgbède tí kò tíì ki orí bọ̀ rí. Tanwíjí ló ń wá. Bó bá rí ẹyọ kan ṣoṣo, á bú onílé, á halẹ̀ ilé ẹjọ́ mọ́ ọn, á wá bu omi nínú ìkòkò kan náà mu, á ní oòrùn mú. Lọ́jọ́ tí ìjọba ní kó lọ sinmi, àwọn ìyá dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúpẹ́ ní mọ́ṣáláṣí. Wọn ò mọ̀ pé ojú tó bá ti mọ ilé onílé wò kì í fẹ̀yìntì.

Ẹni tí kò bá mọ Òkè-Àgbède, bó bá kúrò ní Ọ̀mù-Àrán tó dorí kọ Arandun, kó máa wo apá ọ̀tún. Ibi tí òrùlé páànù ti pọ́n bí epo ni. Ìlú jẹ́jẹ́ ni. Àrùn kòrónà wá dé, ìjọba ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan ìgbìmọ̀ tí yóò pín ọṣẹ, tí yóò sì rán àwọn ènìyàn létí kí wọ́n máa fọ ọwọ́. Iṣẹ́ yẹn ò le. Wọ́n wò yíká, wọ́n ní ta ló tún mọ̀ nípa ìmọ́tótó bí kò ṣe wolé-wolé. Bí Ọlágúnjú ṣe di Alága nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ra àga tó ń yí. Kí oṣù tó parí, kò lè dáhùn ìkíni mọ́ àfi kó kọ́kọ́ yí àga náà po lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kì í ṣe kòrónà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Oyè Ẹ̀sà ni. Àga Ẹ̀sà ti ṣófo láti ọdún tó kọjá, Ẹ̀sà ló sì ń tẹ̀lé Kábíyèsí ní ìlú náà. Òun ló ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí òun ò bá tíì mú ẹran níbi àsè, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú. Ọlágúnjú ti ń rí ara rẹ̀ lórí àga yẹn lójú àlá, débi pé ó ti ń fi ìka tọ́ka sí ẹran láàárín oorun, ìyàwó rẹ̀ Janet á sì gbá ọwọ́ náà wálẹ̀. Àwọn ìjòyè tó ń yan Ẹ̀sà ti ní àwọn máa sọ̀rọ̀ kí Iléyá tó dé. Bàbá Awóyẹmí ni olórí wọn, àgbàlagbà tí kò ní eyín púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí èyí tó kù fún un mú.

Janet ní àgbò kan. Ọjọ́ tí ìyá àgbò náà bí i ló kú, Janet sì fi fídà ọmọdé tọ́ ọ dàgbà. Láti ìgbà náà, ibi tí Janet bá lọ, àgbò á tẹ̀lé e: odò, oko, ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí nígbà ìwàásù. Pásítọ̀ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ó ń fetí sílẹ̀ ju àwọn kan lọ. Ọlágúnjú ti fi ojú sí i lára. Ọjọ́ tí òun bá jẹ Ẹ̀sà ni wọn yóò pa á.

Ọ̀nà wo wá ni Alága lè gbà jẹ́ kí àwọn ìjòyè rí i pé òun ju ènìyàn lásán lọ? Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Ìlọrin ló fi hàn án pé bí fóònù bá wà lọ́wọ́ ènìyàn, a lè jókòó sílé ká mọ ibi tó wà. Ọlágúnjú wo nǹkan náà títí, omi lé ròrò sí i lójú. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń ki orí bọ ìkòkò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò mọ̀ pé a lè wo gbogbo ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kó owó ọṣẹ, ó fi ra fóònù Ṣáínà pọ́ọ́kú, ẹyọ kan fún olórí ilé kọ̀ọ̀kan. Ó ra tẹlifíṣàn ńlá kan mọ́ ọn, ó gbé e kọ́ ògiri ọ́fíìsì. Àmì pupa kéréje ni olúkúlùkù lójú tẹlifíṣàn náà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lábẹ́. Ó sọ nǹkan náà ní Ojú Alága. Ọṣẹ ńkọ́? Ẹ ní sùúrù, ọṣẹ ń bọ̀.

Lọ́jọ́ tó pín fóònù, ó wọ kóòtù lórí agbádá. Akọ̀wé rẹ̀, Ọlábọ̀dé, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ àtẹ́wọ́ pípa, dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," Alága ní, "kòkòrò tí ojú kò rí ló ń bá ayé jà. Ìjọba àpapọ̀ ò rí i. Àwọn òyìnbó ò rí i. Èmi Ọlágúnjú, nípa tẹkinọ́lọ́jì àti nípa ọpọlọ tí Ẹlẹ́dàá fún mi, mo ti di ojú tí kì í ṣẹ́, tí kì í pọ́n, tí kì í sì í sùn."

"Ojú Alága," Ọlábọ̀dé pariwo.

"Kì í sùn," ni àwọn tó ti mọ̀ pé wọ́n ń pín fóònù dáhùn.

Bàbá Awóyẹmí na ọwọ́. "Alága, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ igbó lọ yàgbẹ́, ṣé ojú yẹn á rí mi?"

"Baba, á rí ibi tí ẹ wà. Kò ní rí nǹkan tí ẹ ń ṣe."

"Háà. Àgbàlagbà wọ igbó láàárọ̀, ewé lọ́wọ́. Kí ni wọ́n á rò pé mo lọ ṣe, ìbúra?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sọ́kàn pé baba náà nílò ìlàlóye.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí oòrùn bá ti rọ̀, Alága á gbé gbohùngbohùn dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, á máa ka ìrìn àwọn ènìyàn sí wọn létí. Ó ka ti olùkọ́ kan tó lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́mu lásìkò tó ní òun ń gbàdúrà. Ìyẹn, ìlú rẹ́rìn-ín sí i. Ó ka ti ọmọge kan tó gbé fóònù bàbá rẹ̀ lọ sí kànga, tó pẹ́ níbẹ̀ ju bí omi ṣe ń pẹ́ lọ. Ìyẹn náà, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, àfi bàbá ọmọge. Lọ́jọ́ kan, ó wá ka ti Ràfátù oníwàrà.

"Ràfátù, Ojú Alága rí ọ ní ilé ìwòsàn lánàá. Ó tún rí ọ lónìí. Kí ará ìlú kíyè sára."

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé Ràfátù dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó máa wá kí àwọn máa wọn ìfúnpá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ti ìfúnpá ní ọdún kòrónà? Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó ra wàrà. Àwọn tó máa ń pè é ní ìyá mi wá ń gba òdìkejì títì kọjá, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ kí i láti ọ̀ọ́kán. Wàrà kan nínú igbá, ajá ló jẹ ẹ́.

Ìròyìn dé Èkó kí ó tó dé ẹ̀yìnkùlé. Aliyah, ọmọ Ràfátù, gbọ́ pé kòrónà ti mú ìyá òun. Ó wọ ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ibodè Òkè-Àgbède, ó bá ọparun tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà, Alága sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn tí Ọlábọ̀dé bá a gbé.

"Ọmọ Èkó kankan ò gbọdọ̀ wọlé," Alága ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Kí n kàn rí ojú màámi. Wọ́n ní ara wọn ò yá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́, sà. Wọ́n fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù."

Alága yọ agboòrùn díẹ̀ kúrò lójú kí wọ́n lè rí i dáadáa. "Òfin ò mọ màámi. Òfin ò mọ bàámi. Bí ó bá jẹ́ àbúrò tèmi ló dúró síbẹ̀ yẹn, màá lé e padà."

Ẹ bá mi di gbólóhùn yẹn mú ṣinṣin.

Wọ́n pe Ràfátù wá. Ìyá dúró níhìn-ín, ọmọ dúró lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi ariwo bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n sọ sétí. Aliyah gbé oògùn tó rà sílẹ̀ lórí títì, ó fà sẹ́yìn. Ràfátù rìn lọ mú un. Ọmọ náà wọ ọkọ̀ tó ń padà sí Èkó, kò sì gbọ́ dájú bóyá ìyá òun ní ara òun ti yá, tàbí ó ní ara òun ò yá.

Ohun tó kọ́kọ́ ta bá ojú Alága ni ọ̀rọ̀ iná. Gbogbo wa la mọ bí iná ṣe rí. Fóònù Ṣáínà yẹn kì í pẹ́ kú, ibì kan ṣoṣo tí wọ́n sì ti ń bá ènìyàn fi iná sí i ni ṣọ́ọ̀bù Motún, tó ní jẹnẹrétọ̀. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Alága jókòó ti tẹlifíṣàn, ó rí i tí gbogbo àmì pupa ìlú rọ́ lọ sójú kan, wọ́n gun ara wọn lórí bí èèrà tó rí ṣúgà.

"Ìpéjọ," ó ní. "Ìpéjọ tí kò bófin mu. Ọlábọ̀dé, pe fijilanté."

Wọ́n yí ṣọ́ọ̀bù Motún ká. Alága gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé yìí, ẹ tú ká ní orúkọ òfin. Bàbá Awóyẹmí, mo rí yín. Ẹ sún kúrò lára Ràfátù, ẹ fi àyè sílẹ̀. Àgbàlagbà ni yín."

Motún yọjú, súwíìtì ń yọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Wọn ò tíì lè jáde o."

"Kí ló dé tí wọn ò lè jáde?"

"Wọn ò tíì kún."

Alága tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé. Fóònù tò lọ bẹẹrẹ lórí pákó, okùn iná ní ìdí wọn, orúkọ onílé lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Bàbá Awóyẹmí fẹ̀gbẹ́ ti ti Ràfátù lóòótọ́. Àwọn fijilanté bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Ojú ì bá ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ojú tí kì í sùn, ibo ni yóò ti rí àyè tì? Lọ́jọ́ náà gan-an ló ṣe òfin tuntun: alẹ́ nìkan ni kí wọ́n máa fi iná sí fóònù, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí olúkúlùkù fi tirẹ̀ sínú àpò aṣọ, kó so ó mọ́ ọrùn. Ẹni tí Alága bá rí láìsí àpò lọ́rùn, yóò jẹ̀bi. Òun náà rán tirẹ̀, dàmáàsìkì, ó sì fi fóònù ńlá tirẹ̀ sí i, nítorí kò lè gbé Ṣáínà kọ́rùn.

Ràfátù ló kọ́kọ́ ṣe é. Kò bá ẹnì kan jà, kò bú ẹnì kan. Ó ki ẹfun sínú àpò kan, ó gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ó mú àpò tí fóònù wà nínú rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ewúrẹ́ rẹ̀, ó ní, "Máa lọ, Ràfátù." Lẹ́yìn náà ló lọ sí ilé ìwòsàn, ó wọn ìfúnpá, ó sì padà wálé ní àlàáfíà. Motún rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ti ẹnu bọ etí ẹnì kan. Kí ọjà tó tún ná, kò sí ewúrẹ́ kan ní Òkè-Àgbède tí kò ní àpò lọ́rùn.

Inú Alága dùn. Kò tíì rí ibi tí àmì pupa ti lágbára báyìí. "Wò wọ́n," ó ń sọ fún Ọlábọ̀dé, "wo bí wọ́n ṣe ń sáré. Ìlera ni mo fún wọn." Ọlábọ̀dé pa àtẹ́wọ́. Ewúrẹ́ tirẹ̀ náà wà nínú wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Awóyẹmí jókòó ní pálọ̀, ó ń jẹ iyán, nígbà tí gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀. "Bàbá Awóyẹmí, Ojú Alága rí yín lórí ààtàn. Láti ọ̀sán lẹ ti wà níbẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀, baba. Ẹ rántí ọjọ́ orí yín."

Baba gbé òkèlè dúró. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Rúùtù, ṣé o gbọ́? Orí ààtàn ni mo wà."

"Ẹ yáa jẹun yín," Rúùtù ní, "kí ẹ lè rí agbára sọ̀kalẹ̀."

Baba rẹ́rìn-ín títí iyán fi fẹ́ gba ọ̀nà òdì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, kò gbàgbé. Olórí àwọn tó ń yan Ẹ̀sà, wọ́n pè é sílẹ̀ lórí ààtàn, gbogbo ìlú ń gbọ́.

Alága ò mọ̀. Ó ní nǹkan mìíràn tó ń ṣe. Fọlárìn, àbúrò rẹ̀, ti wọlé láti Èkó pẹ̀lú mẹ́ńbà ẹbí tó kún ọkọ̀ kan. Ọ̀nà oko ni Alága fi mú wọn yí ọparun ibodè ká, ó sì fi wọ́n pamọ́ sí ilé kan ní Arandun. Ìlẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀, fìlà wà níbẹ̀, alásè wà níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Alága gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ lọ kọ́ bí Ẹ̀sà ṣe ń jókòó, bó ṣe ń dìde, bó ṣe ń tọ́ka sí ẹran. Wàhálà kan ló wà: àmì pupa tirẹ̀. Bí Ọlábọ̀dé bá rí i ní Arandun ńkọ́? Ó ronú, ó jókòó ronú, ó yí àga po, ọgbọ́n kan sì ta sí i lórí. Ó gbà pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tó ro irú rẹ̀. Ó so àpò dàmáàsìkì mọ́ ọrùn àgbò Janet.

"Bàbá Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí," Janet ní, "ẹ tú fóònù yín kúrò lọ́rùn ẹran mi."

"Ọ̀rọ̀ ìlú ni. Kò yé ọ."

"Ó yé mi. Àgbò yìí kì í jókòó sójú kan. Mo bá dìde báyìí, ó dìde."

"So ó mọ́lẹ̀."

Janet so ó. Alága wá gbé àpò dàmáàsìkì kejì kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Kí ló fi sínú rẹ̀ kí ó lè wúwo bíi fóònù? Ẹ ní sùúrù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Fọlárìn ránṣẹ́ pé kúlà kan kù. Alága wá okùn tí yóò fi dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, kò rí, ó tú okùn àgbò, ó wá ti ilẹ̀kùn ọgbà pa mọ́ ọn. Ó jẹun ní Arandun, ó jókòó bí Ẹ̀sà, ó dìde bí Ẹ̀sà. Ó ní òun ń bọ̀ kíákíá, kí òun lọ fi ojú kan ọ́fíìsì. Ojú ọ̀nà ni Ọlábọ̀dé ti pàdé rẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Alága, àwọn ìjòyè ti jókòó láàfin. Ọ̀rọ̀ oyè ni. Wọ́n ní kí ẹ wá, kí ìyàwó yín náà wá. Wọ́n ti gbé tẹlifíṣàn yín lọ."

Ayọ̀ ò jẹ́ kí Alága ronú. Ààfin ló gbà lọ tààrà. Ìlú ti pé sí àgbàlá. Kábíyèsí wà lórí ìtẹ́, abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu rẹ̀. Bàbá Awóyẹmí kọ́ ẹsẹ̀ léra, tẹlifíṣàn sì wà lórí tábìlì níwájú gbogbo ènìyàn.

"Alága," baba ní, "a gbọ́ pé ẹ ò yẹsẹ̀ kúrò nílé láti ìgbà tí òfin ti bẹ̀rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, baba. Àpẹẹrẹ rere ni mo jẹ́. Ilé, ọ́fíìsì, ilé. Fóònù mi ò fi ọrùn mi sílẹ̀ rí." Ó fi ọwọ́ lu àpò àyà rẹ̀.

"Ó dára. Ibo lẹ wà báyìí?"

"Baba, mo wà níwájú yín."

Baba na ọ̀pá sí tẹlifíṣàn. Àmì pupa Ọlágúnjú wà nílé, kò mira.

Òógùn yọ lábẹ́ fìlà Alága. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe wolé-wolé kì í wá ọ̀rọ̀ tì. "Nẹ́tíwọ̀kì ni, baba. Ó ń lọ́ra. Kò tíì mọ̀ pé mo ti dé."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni àmì pupa mira. Ó jáde nínú ọgbà. Alága mí kanlẹ̀. "Ẹ wò ó. Ó ti rántí."

Àmì náà gba iwájú mọ́ṣáláṣí. Ó dúró díẹ̀ níbi ìsọ̀ Ràfátù. "Mo kí i nígbà tí mò ń kọjá," Alága ní. Ràfátù, tó dúró láàárín èrò, wo ojú rẹ̀. Àmì náà tún gbéra, ó ń bọ̀ tààrà. "Tẹkinọ́lọ́jì," Alága ń sọ, ohùn rẹ̀ ti ń padà ga, "ibi tí olówó rẹ̀ bá wà, dandan ni kó wá a rí. Ẹ máa wò ó. Ó ti dé ẹnu géètì. Ó ti wọlé."

Gbogbo ojú yí sí ẹnu géètì. Janet wọlé nínú ìró àti gèlè, ó kúnlẹ̀ kí Kábíyèsí. Àgbò wọlé tẹ̀lé e, ó dúró tì í, àpò dàmáàsìkì ń fì lọ́rùn rẹ̀.

Abẹ̀bẹ̀ Kábíyèsí ń gbọ̀n.

"Alága," Bàbá Awóyẹmí ní jẹ́jẹ́, "kí ló wá wà lọ́rùn tiyín?"

Bẹ̀llò alápatà, tí òun náà wà nínú àwọn ìjòyè, dìde, ó tú àpò náà, ó yọ nǹkan inú rẹ̀ sókè kí ìlú rí i. Ọṣẹ ni. Ọṣẹ funfun, tuntun, nínú bébà rẹ̀. Ọṣẹ kòrónà àkọ́kọ́ tí Òkè-Àgbède fi ojú rí nìyẹn.

Àárín ẹ̀rín náà ni fóònù ti dún lọ́rùn àgbò. Bẹ̀llò tẹ̀ ẹ́, ohùn Fọlárìn sì gba àgbàlá kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mà padà wá mọ́. A ti gbé ọbẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ará Èkó tá a jọ wá ń bèèrè bóyá ẹ ti jẹ Ẹ̀sà, kí a máa bọ̀ láti Arandun níbí."

Ẹ̀rín dá. Ràfátù ya èrò sọ́tọ̀, ó rìn wá síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò, ó sì fi ẹnu súnmọ́ àpò náà.

"Fọlárìn," ó ní, "èmi Ràfátù oníwàrà ni. Ọ̀nà wo lo gbà wọlé, ọkọ mi? Kí n lè júwe rẹ̀ fún Aliyah."

"Ẹ̀gbọ́n ló mú wa gba ọ̀nà oko," Fọlárìn ní, ó sì pa fóònù.

Bàbá Awóyẹmí dìde, ó fara ti ọ̀pá. "Alága, àwa náà so tiwa mọ́ ewúrẹ́. Gbogbo ìlú pátá. A bẹ̀rù yín, a ò fẹ́ kí ẹ máa ka ìdí wa fún ayé gbọ́, ìyẹn la fi ṣe é. Ẹ̀yin lẹ ni ojú. Ta lẹ̀yin wá ń sá fún?"

Ọlágúnjú wẹ̀yìn kó wo àtẹ́wọ́ Ọlábọ̀dé. Ọlábọ̀dé ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

"Ẹni tó wà nílé ní gbogbo ọjọ́ tí Alága ní òun wà nílé," Bẹ̀llò ní, ó fi ọwọ́ pa ìwo àgbò, "ẹni yìí ni. Òun ló pa òfin mọ́. Bó bá jẹ́ ìwà la fi ń jẹ Ẹ̀sà, kí a má wulẹ̀ jìnnà."

Lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbé ọparun kúrò lójú ọ̀nà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Aliyah ti wà nílé ìyá rẹ̀, wọ́n fi ọparun kan náà pa àgọ́ tuntun fún wàrà. Tẹlifíṣàn wà ní ṣọ́ọ̀bù Motún, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi í wò. Àga Ẹ̀sà ṣì ṣófo títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Nígbà tí Iléyá ku fẹ́ẹ́rẹ́, Ọlágúnjú fa àgbò náà lọ bá Bẹ̀llò, ó ní kó rà á, kó pa á, kó má jẹ́ kí ojú òun rí i mọ́.

Bẹ̀llò ká ọwọ́ kò. "Èmi? Kí n pa Ẹ̀sà? Kí ni kí n sọ fún ìlú?"

Nítorí náà àgbò padà sílé. Lárààárọ̀ ni Janet ń lọ sódò, tí àgbò ń tẹ̀lé e, tí ọmọdé àti àgbà ń bẹ̀rẹ̀ kí i lójú ọ̀nà: "Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀sà." Ọlágúnjú wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ń gbọ́. Ó sábà máa ń pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ìkíni náà sì wọlé kedere. Kó tó rántí, ó ti gbé ìka sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Arandun, ó ti dá wọn lóhùn.